Ilé Tí A Tì Kò Sùn: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Ti Àjò Bọ̀ Wá sí Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Ajílété tó wà nílé àti ẹ̀yin tó ti àjò dé, a kí yín kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò kọjá inú ilé. Ilé tí ènìyàn kọ́ ni, tó tì, tó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání lọ sí Jọ́ọ̀sì, Èkó, Gánà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tó wá padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí ọdún mẹ́wàá, tó rò pé bí òun ṣe fi í sílẹ̀ náà lòun máa bá a.

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Òótọ́ ni. Àmọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé kì í sinmi ní tirẹ̀. Òjò ń rọ̀ lé e lórí láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá, ọyẹ́ ń fẹ́ lù ú láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ikán ń wá igi gbígbẹ kiri lábẹ́ ilẹ̀, èkúté ń wá ibi tí wọ́n máa bímọ sí. Nígbà tí ènìyàn ń gbé inú ilé, ó ń bá gbogbo wọn jà lójoojúmọ́, kò kàn mọ̀ pé ìjà ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń ṣí fèrèsé, ó ń rí ọ̀nà ikán lára ògiri ó sì ń há a dànù, ó ń gbọ́ ìró omi tó ń kán láàárín òru ó sì ń gbé garawa síbẹ̀ kó tó pe káfíńtà. Lọ́jọ́ tó tilẹ̀kùn lọ, ìjà kò parí. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kù lójú ìjà.

Ìlú tiwa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Oníṣòwò la jẹ́, ẹsẹ̀ wa sì gùn. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ń tajà ní Tamale àti káàkiri àríwá Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kó ẹrù wálé láìròtẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún tí kò mọ ojú ọ̀nà agboolé rárá. Irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ nígbà tí ara dẹ̀.

Àṣìṣe tí à ń rí jù lọ ni pé ènìyàn ń fi ẹ̀yìn iṣẹ́ ṣaájú. Ará àjò á dé lóṣù kejìlá, á kun ọ̀dà, á pààrọ̀ géètì, á kó àga tuntun sí pálọ̀. Lóṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ á gba orí àjà wálẹ̀ sórí àga náà. Owó ti tán nígbà yẹn. Ohun tó lè pa ènìyàn ló yẹ kó ṣaájú. Ohun tó ń bàjẹ́ sí i lójoojúmọ́ ló tẹ̀ lé e. Ohun tí àlejò ń wò ló gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ tí ẹ máa ṣílẹ̀kùn

Ẹ má ṣe ṣí i lálẹ́, ẹ má sì sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ sùn nílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni agboolé wà fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ga kọjá kókósẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ìbomú, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti igi gígùn dání. Ẹ yí ilé náà po lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ wò ó bóyá wáyà iná ti já tó ń fì, bóyá oyin tàbí agbọ́n ti kọ́lé sábẹ́ òrùlé. Bí ẹ bá rí oyin, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ wá ẹni tó ń kó oyin. Ẹni tó bá fi òkò lù wọ́n á máa sáré ni.

Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ẹ dúró ní ìta. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé tí ọwọ́ bá tó, kí atẹ́gùn fẹ́ já inú ilé fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá fi sílíńdà gáàsì sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, láìtan iná, láìṣáná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ lè wọlé. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dé ibi tí ojú kò tíì dé: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn fíríìjì, inú kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ òkìtì aṣọ. Igi gígùn yẹn lẹ máa fi tú wọn wò. Ibi tí èkúté bá wà, ejò ò jìnnà síbẹ̀, torí oúnjẹ rẹ̀ ni. Àkéekèé fẹ́ràn bàtà àtijọ́ àti abẹ́ bíríkì.

Bí ejò bá ṣe ènìyàn lọ́ṣẹ́, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ mu, ẹ má fi okùn so ó le. Ẹ má jẹ́ kí ẹni náà rìn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró sójú kan, ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà kó tó wú, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ní méjì tó jẹ́ ti ìkọ́ni nípa ìṣègùn, ti Yunifásítì Bowen àti ti LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá. Ẹ má yà síbòmíràn kí ẹ tó débẹ̀.

Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté tó ti gbẹ máa ń dà bí eruku, irú èkúté kan sì wà tó ń gbé àìsàn ibà Lassa. Òòbẹ̀, àdán kéékèèké tó ń gbé orí àjà, ń yàgbẹ́ tí èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lè hù nínú rẹ̀. Ẹ po bílíìṣì kan mọ́ omi mẹ́fà, ìyẹn bí bílíìṣì náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára. Ẹ wọ́n ọn sí gbogbo ilẹ̀ títí á fi rin gbingbin, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fi àkísà kó o. Bílíìṣì kò gbọdọ̀ bá oògùn ìfọ-ṣáláńgá tàbí ọṣẹ olómi míràn pàdé nínú garawa kan, torí afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ ń fún ènìyàn lọ́rùn.

Òòbẹ̀ ò ṣeé lé lójú ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde. Ẹ jókòó síta lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ wo ihò tí wọ́n ń gbà jáde. Bí gbogbo wọn bá ti jáde tán ni kí ẹ dí i. Bí wọ́n bá ní ọmọ lórí àjà, ẹ ní sùúrù kí àwọn ọmọ náà tó lè fò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ilé ni wọ́n máa kú sí, òórùn wọn á sì lé yín jáde.

Òrùlé

Oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wálé. Oṣù kejìlá yìí gan-an ni òrùlé ń purọ́ jù. Kò sí òjò, inú ilé gbẹ, ẹni tó bá wò ó á ní kò sí nǹkan kan. Torí náà ẹ má ṣe bèèrè lọ́wọ́ ojú nìkan.

Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá wà láàárín orí, ẹ gun orí àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti pa. Ẹ ti gbogbo fèrèsé. Ihò ìṣó tó ti gbòòrò á máa tàn bí ìràwọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó wà nísàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan kí káfíńtà má baà máa wá a kiri. Lẹ́yìn náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo ara igi òrùlé. Ibi tí omi ń gbà ti fi ìlà dúdú sílẹ̀, ó sì lè jìnnà sí ibi tí ó ti ń kán sínú yàrá, torí omi ń tẹ̀ lé igi ni kó tó já bọ́. Àbàwọ́n tó hàn lára àjà nínú yàrá kò sọ ibi tí ihò wà. Ibi tí omi ti rẹ̀ ẹ́ ló ń sọ.

Kí ló ń bà á jẹ́? Rọ́bà abẹ́ ìṣó ló kọ́kọ́ ń kú. Oòrùn ń jẹ ẹ́ títí á fi gan, á fọ́, omi á sì rí ọ̀nà. Ẹni tó wà nílé á ti rọ́pò rẹ̀ lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹni tí kò sí nílé á jẹ́ kó di ìpẹtà, ìpẹtà á di ihò, ihò á jẹ igi. Ìyẹn ni pé rọ́bà tí kò tó nǹkan ló ń pa òrùlé odidi. Ẹ wo orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Orí òkè páànù ló yẹ kí ìṣó wà, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń ṣàn gbà. Ọ̀pọ̀ káfíńtà tó ń kánjú ń kàn án sínú kòtò torí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ igi.

Ẹ wo bí páànù ṣe gun ara wọn pẹ̀lú. Ní ẹ̀gbẹ́, ìgun páànù oníkòtò gbọ́dọ̀ tó òkè kan àtààbọ̀. Ní orí àti ìsàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó ínṣì mẹ́fà. Ìjì òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá sọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹnu páànù tó wà lókè gbọ́dọ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kí ìjì má baà ráyè ki ìka bọ ẹnu ìgun náà kó sì fà á tu. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n to páànù ní òdìkejì, tí òjò sì ti ń gba ibẹ̀ lọ́dọọdún, dídí ihò kò ní parí ẹjọ́.

Bí ihò ò bá pọ̀, ẹ yọ ìṣó àtijọ́, ẹ fi ìṣó oníwòrùkọ tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ àti rọ́bà tuntun rọ́pò. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ìlàjì páànù kan, ẹ pààrọ̀ páànù náà. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń fi dí ihò dára fún oṣù bíi mélòó kan, kì í ṣe fún ọdún. Ẹ máa fi garawa omi dán ibi tí ẹ tún ṣe wò, ní orí òrùlé, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹnìkan sì wà lórí àjà tó ń wò.

Ikán

Ikán ló ń dá wa dúró pẹ́ jù, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń náwó sí i lásán.

Ẹ mú sukuruderáfà. Ẹ fi èékù rẹ̀ kan férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé láti ilẹ̀ lọ sókè. Igi tó pé á dún gbọn-in. Èyí tí ikán ti jẹ á dún bí igbá òfìfo. Ẹ fi ẹnu sukuruderáfà gún un. Bó bá wọlé bí ìgbà tí a gún àkàrà, igi náà ti lọ. Ojú rẹ̀ lè dán, ọ̀dà lè wà lára rẹ̀ tí kò ṣá, torí ikán kì í jẹ ojú igi tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí.

Bí ẹ bá rí ọ̀nà ikán, ìlà yẹ̀pẹ̀ tó ń gun ògiri, ẹ má há gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ fọ́ ìwọ̀n ìka méjì láàárín rẹ̀, ẹ padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá ti tún un mọ, ikán wà níbẹ̀ láàyè. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kó lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn wálẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ibi tó ti ń jáde nínú ilẹ̀: ẹsẹ̀ férémù, ibi tí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ti sán, tàbí pákó tí ẹnìkan fi ti ògiri. Ẹni tó nu ọ̀nà tí kò mọ orísun kàn ń tún ilé ṣe fún wọn ni.

Oògùn ikán wà lọ́jà. Bí a ṣe ń lò ó ló ṣe pàtàkì. Ẹ gbẹ́ kòtò tóóró yí ilé ká, kó súnmọ́ ògiri, kó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́fà, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ po oògùn mọ́ omi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n. Lítà márùn-ún omi tí ẹ ti pò ló ń lọ sí mítà kan. Ilé tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 40 mítà á gba 200 lítà. Bí òṣìṣẹ́ bá gbé ìfọ́n kékeré kan wá, tó fọ́n ọn sí ojú ilẹ̀ lọ́nà ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó sì ní òun ti parí, owó yín ti lọ. Ẹ da ìdajì sínú kòtò, ẹ dá yẹ̀pẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìdajì tó kù, kí oògùn lè wọ yẹ̀pẹ̀ náà.

Kànga ńkọ́? Ibi tí a ti ń bẹ̀ yín nìyí. Oògùn yẹn kò mọ ikán yàtọ̀ sí ènìyàn. Bí kànga bá wà láàárín 30 mítà sí ògiri, ẹ má da oògùn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, ì báà jẹ́ kànga aládùúgbò. Nínú àwọn agboolé wa àtijọ́, kànga kì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe níbẹ̀ ni kí igi kankan má kan ilẹ̀ mọ́: ẹ fi férémù irin rọ́pò ti igi, ẹ gbé pákó àti páálí kúrò nídìí ògiri, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tí ilẹ̀ ti sán. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ń dà nù náà wà lára ohun tí a kò fẹ́ nítòsí kànga. Ó ń lé ikán kúrò lójú igi fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ bó bá rin wọ omi, ẹ ti ba omi yẹn jẹ́ fún ọdún pípẹ́.

Bí ọ̀gán bá wà nínú ọgbà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ ẹ dé àárín, níbi tí ìyá ikán wà nínú yàrá amọ̀ rẹ̀. Dída kẹrosíìnì sórí ọ̀gán ò dé ibẹ̀. Nígbà míràn ìyá náà máa ń ju ọ̀kan lọ, torí náà kí wọ́n má dúró nígbà tí wọ́n bá rí àkọ́kọ́.

Kànga

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú kànga tó ti wà ní bíbò fún ọdún. Afẹ́fẹ́ burúkú máa ń kóra jọ sísàlẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á dákú láìkígbe, ẹni tó sáré wọ̀ ọ́ láti gbé e á dákú tẹ̀ lé e. Àwọn agbẹ́kànga máa ń sọ fìtílà tó ń jó sísàlẹ̀ wò. Bí iná bá kú, kò sí èèmí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ kú, kò túmọ̀ sí pé kò séwu, torí májèlé kan wà tí kì í pa iná. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ afami tó ń lo bẹntiróòlù sínú kànga láéláé. Èéfín rẹ̀ á kún inú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fa omi náà láti òkè.

Ẹ fa omi àtijọ́ títí tí yóò fi kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kó sun padà, kí ẹ tó wọn ohun tí ẹ máa fi wẹ̀ ẹ́. Okùn tí ẹ so òkúta mọ́ á sọ bí omi ṣe jìn tó: ìwọ̀n ibi tó rin lára okùn náà ni. Kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan ń gba nǹkan bíi 785 lítà nínú mítà omi kọ̀ọ̀kan. Fún mítà kọ̀ọ̀kan, bílíìṣì 3.5% tó lé díẹ̀ ní lítà kan ló ń lọ síbẹ̀. Bí omi bá jìn ní mítà mẹ́ta, lítà mẹ́ta àtààbọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ kílórínì oníyẹ̀fun 70% lẹ rí rà, nǹkan bíi 56 gíráàmù ni fún mítà kan. Inú garawa omi ni kí ẹ ti kọ́kọ́ yọ́ ọ. Bílíìṣì olóòórùn dídùn kò dára fún èyí. Ẹ da á sí i, ẹ fi garawa ro omi náà lọ sókè-sódò, ẹ fi díẹ̀ wẹ ara ògiri kànga. Wákàtí 24 ló máa fi wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fa á dànù, jìnnà sí ewébẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Kílórínì ń pa kòkòrò. Kò lè mú ọ́ìlì tàbí oògùn ikán kúrò, kò sì lè ran kànga tí ẹnìkan gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀bá rẹ̀ nígbà tí ẹ ò sí nílé. Nítorí náà ẹ wo ọgbà àwọn aládùúgbò kí ẹ tó náwó.

Iná

Kí oníná tó dé, ẹ má gbé ohunkóhun sókè. Èkúté ti lè jẹ awọ wáyà lórí àjà. Oníná á pa gbogbo bírékà, á gbé èyí tó tóbi jù sókè, á wá máa gbé ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá já bọ́ ló ní àrùn. Kó má ṣe fi wáyà so bírékà náà mọ́lẹ̀ kó má baà já. Iná ilé ló ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn.

Ìyípadà kan wà tó ń bá ọ̀pọ̀ ará àjò lójijì. Nọ́ńbà tí mítà iná oníkáàdì fi ń mọ ọjọ́ parí káàkiri ayé ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, oníbàárà gbọ́dọ̀ ti tẹ nọ́ńbà àkànṣe méjì, olóòkà ogún ogún, sínú mítà rẹ̀ kó tó tẹ èyí tó rà. Ilé tí a tì kò ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bí mítà yín bá kọ gbogbo nọ́ńbà tí ẹ rà, mítà náà lè má bàjẹ́ rárá. Ẹ gbé nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì iná, kí ẹ bèèrè ohun tó ṣẹ́ kù láti ṣe, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni lójú pópó. Bí ẹ kò bá ní mítà, gbèsè ti lè gorí gbèsè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tan iná. Ìwé ìrìnnà yín tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí lè jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ ò sí nílé.

Ògiri àti ààlà

Ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ lágboolé wa, ó sì dára ju bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe rò lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òjò ń jẹ, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè láti ilẹ̀, níbi tí omi òrùlé ti ń ta padà. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ògiri amọ̀, amọ̀ á máa wú á máa súnkì nínú, sìmẹ́ǹtì kò lè bá a wú, á sì ya kúrò lára rẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Ẹ po àpò sìmẹ́ǹtì kan mọ́ bárò ilẹ̀ pupa márùn-ún tí ẹ ti sẹ́, ẹ fi omi wọ́n ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí ẹ fi nǹkan bò ó fún ọjọ́ méje kí oòrùn má gbẹ ẹ́ kíákíá. Bí ojú títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe bá ga ju ilẹ̀ ilé lọ, kódà ògiri bíríkì ò ní pẹ́. Ẹ la gọ́tà kí ẹ tó rẹ́ ohunkóhun.

Ilẹ̀ wọ́n nísinsìnyí, pàápàá ní àyíká LAUTECH àti Under-G tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti gba gbogbo ibẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀ yín lọ́jọ́ kẹta tí ẹ dé. Púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ bíi 111 ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì mẹ́sàn-án àtààbọ̀, igun kejì náà bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì bá yàtọ̀ síra, òpó kan ti kúrò níbi tó wà, tàbí ilẹ̀ náà kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìwé àwọn awọnlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Bí pèrègún ni wọ́n fi pààlà, ó ń hù síwájú-sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Olórí ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, ẹ má ṣe lọ bá ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ènìyàn

Ẹni tó bá ń wọlé ló ń sọ pé "ẹ kú ilé o", kí wọ́n tó dá a lóhùn pé "ẹ káàbọ̀". Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà láti ojúlé kan sí èkejì, ẹ jókòó ti àgbà kan ní kọ̀rọ̀, ẹ bi í pé: ta ni a ò rí mọ́? Ta ló bímọ, ta ló jẹ oyè, ta ló bá ta jà? Ó dun ènìyàn gan-an tí àlejò bá bèèrè ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọkọ náà sì ti kú láti ọdún méjì. Ilé àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, kí ẹ tó lọ síbi tí ẹ ti máa gba ẹ kú oríire. Ẹni tó lọ ní 2020 á bá ọba míràn lórí ìtẹ́: Ọba Jimoh Oyèwùmí Ajagungbadé Kẹta wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Ọba Ghandi Ọláoyè sì gorí ìtẹ́ Ṣọ̀ún ní 2023. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n sì gbé adé fún Ọba Akeem Owóadé ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Ti fóònù àti báńkì kò gùn. Nọ́ńbà tí ẹ kò lò fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n lè pa, bí oṣù mẹ́fà míràn bá kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Bí nọ́ńbà yẹn ló wà lórí àkáǹtì yín, ẹ yí i padà ní báńkì kí ẹ tó ṣe nǹkan míràn. Àkáǹtì tí owó kò wọlé jáde nínú rẹ̀ fún ọdún kan ti sùn. Bó bá pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n á kó owó rẹ̀ lọ sí báńkì àpapọ̀, ẹ sì lè gbà á padà pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ yín.

Kí ẹ tó tún tì í

Wọ́n bi wá níbi ìjókòó yìí bóyá ó yẹ kí ènìyàn fi ayálégbé sínú ilé tàbí kó tì í. Èrò wa ni pé yàrá kan tí ẹnìkan ń sùn sí sàn ju kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì, ẹ sì kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un: kó ṣí fèrèsé fún wákàtí méjì, kó fa garawa omi mẹ́wàá nínú kànga, kó ya fọ́tò ẹsẹ̀ férémù mẹ́rin kan náà nígbà gbogbo, kó gun orí àjà lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́. Fọ́tò ni kí ẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe "kò sí wàhálà". Ẹ san owó rẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí a kò san nǹkan fún ń tijú láti sọ pé òun kò ráyè lọ. Ẹ pa bírékà ńlá, ẹ gbé sílíńdà gáàsì jáde, ẹ fa bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ gbẹ. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni kí ẹ gé: ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí i, ọ̀kan lọ́dọ̀ olórí ẹbí nínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa.